Èmi, Glee, àti ọ̀rọ̀ Mercedes

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà nípa Glee, eré olórin orí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà. London la ti ń wò ó, lórí ìkànnì E4 nígbà yẹn, kó tó di pé ìkànnì Sky gbà á lọ́wọ́ wọn. Èmi àti àbúrò mi obìnrin la gbà pé à ń wò ó. Ní ti màámi, wọ́n ní ariwo lásán ni, àmọ́ kò sígbà tó bẹ̀rẹ̀ tí iṣẹ́ kan kì í gbé wọn wá sí pálọ̀.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ìlú Lima ní Ohio ni wọ́n fi ìtàn náà sí, nílé ẹ̀kọ́ girama McKinley. Tíṣà èdè Spanish kan, Will Schuester, ló kó àwọn ọmọ tí ẹgbẹ́ wọn ò kà sí jọ kí wọ́n máa kọrin. Àwọn ọmọ tó gbajúmọ̀ á sì máa da ohun mímu oníyìnyín sí wọn lójú ní kọ́rídọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009, ó parí lọ́dún 2015. Nígbà tí wọ́n kọ "Don't Stop Believin'" níparí apá àkọ́kọ́, orí mi wú. Ó ṣì ń wú títí dòní, mi ò ní purọ́.

Ìbéèrè màámi ò pọ̀. "Ìgbà wo làwọn ọmọ yìí ń kàwé?" Èkejì, "Ta ló ránṣẹ́ pe onílù?" Torí ọmọ kan á kàn la ẹnu ni, onílù àti onígìtá á ti dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á sì ti mọ orin náà dunjú. Àwa tá a wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mọ ohun tójú ń rí kí tenor àti alto tó bára mu.

Ṣùgbọ́n Mercedes, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń kọrin nínú eré náà, ló dájà sílẹ̀ nílé wa. Amber Riley ló ṣe é, ohùn tó sì ní kì í ṣe ohùn eré. Rachel, ọmọbìnrin tí wọ́n fi ṣe òléwájú akọrin, á dá orin láti ìbẹ̀rẹ̀ títí, tó bá wá kù díẹ̀ kó parí, wọ́n á ní kí Mercedes gbé ohùn sókè fẹ́ẹ́rẹ́, ó tán. Ẹ rántí Sectionals, ìdíje orin láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́, ní season àkọ́kọ́. Mercedes kọ "And I Am Telling You I'm Not Going" níwájú ẹgbẹ́, Rachel fúnra rẹ̀ sì gbà fún un. Mo ti ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n débẹ̀, Sue, olùkọ́ tó kórìíra ẹgbẹ́ akọrin náà, ti tú àṣírí orin wọn fáwọn ilé ẹ̀kọ́ yòókù, wọ́n sì ti kọ ọ́ kó tó kàn wọ́n. Ta ló wá jáde láti kó wọn yọ? Rachel ni! Àbúrò mi ní òun ló kúkú ni ìtàn. Màámi tí kò wò ó ló dá a lóhùn: "Ẹni tó lóhùn ni wọ́n sọ di elégbè."

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé àwọn tó kọ ìtàn eré náà mọ̀. Ní season kẹta, Mercedes bínú kúrò, ó lọ dara pọ̀ mọ́ Troubletones, ẹgbẹ́ akọrin mìíràn nílé ẹ̀kọ́ náà. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti padà sínú ẹgbẹ́.

Sue burú, àmọ́ mo rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jean, tó ní Down syndrome, ló jẹ́ kí n lè máa wò ó láìbínú.

Nígbà tí Cory Monteith, tó ṣe Finn nínú eré náà, kú ní July 2013, a wo apá tí wọ́n fi dárò rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo kàn ń wò ó nítorí orin ni.

Mo ṣì máa ń wò ó lóòrèkóòrè. Ibi tí Schuester bá ti ń ráàpù ni mo máa ń fò. Ìyẹn ò ní àforíjì.