Òṣìṣẹ́ bẹ́kìrì tó ń lo lithium: iṣẹ́ wo ni kí n fún un?

Ìyá Búrẹ́dì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èèyàn mẹ́fà péré la wà ní bẹ́kìrì. Ẹni tó ń bá wa po fúláwà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Arò, ọsibítù àìsàn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta, dé. Bipolar ni wọ́n ní ó jẹ́, àìsàn ọpọlọ tí inú èèyàn fi máa ń ru sókè jù nígbà kan, tó sì máa ń rẹ̀wẹ̀sì jù nígbà mìíràn; lithium, oògùn àìsàn náà, ni wọ́n fi í sí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, mi ò fẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n òru la máa ń ṣiṣẹ́, ooru ààrò sì wà níbẹ̀. Kí ni kí n yí padà? Ṣé kí n sọ fáwọn yòókù?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ kú ìtọ́jú, Mà. Oorun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó, torí àìsùn máa ń jí àìsàn yẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò lóru pátápátá. Ẹ má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kan òru, ọ̀sẹ̀ kan ọ̀sán. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ló burú jù. Gígé búrẹ́dì, dídì í sí nylon, títà láàárọ̀, gbogbo ìyẹn dáa fún un.

Ẹ gbé e jìnnà sí ààrò. Tó bá ń làágùn púpọ̀ tí kò mumi, lithium á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kó máa mumi déédéé, kó má sì ṣàdédé dín iyọ̀ oúnjẹ kù. Kí ọwọ́ máa gbọ̀n díẹ̀, oògùn náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá ń gbọ̀n gan-an, tó ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ẹ má ní kó lọ sinmi o, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn ún, ẹ má fún un ní ibuprofen tàbí diclofenac, àwọn náà máa ń mú lithium ga. Paracetamol ni kó lò.

Ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wo bí lithium ṣe pọ̀ tó lára rẹ̀, ẹ fún un láyè àárọ̀: nǹkan bíi wákàtí 12 lẹ́yìn tó lo oògùn kẹ́yìn ni wọ́n máa ń fa ẹ̀jẹ̀ náà.

Akọ̀wé Òṣìṣẹ́:
Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, Mà. “A ti yí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ padà” ti tó. Tó bá fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀, òun ni kó yàn án. Nínú ìwé, “ìsinmi àìsàn” ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má dárúkọ àìsàn. Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún pẹ̀lú owó, bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i.

Nísinsìnyí tára rẹ̀ yá, ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé kan: àmì wo ló máa ń kọ́kọ́ yọ bí àìsàn náà bá fẹ́ padà, ta ni kẹ́ ẹ pè, ta ni kẹ́ ẹ má pè. Ẹ sọ ti owó níbẹ̀ náà. Bí owó òru bá máa yọ kúrò nínú owó oṣù rẹ̀, kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Búrẹ́dì:
Ẹ ṣé gan-an. Mùsùlùmí ni. Ààwẹ̀ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ìbéèrè tó yẹ nìyẹn, Mà. Kó lọ rí dókítà rẹ̀ ṣáájú Ramadan, kó má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, kó má sì dá yí àsìkò tó ń lò ó padà. Bí dókítà bá gbà kó gbààwẹ̀, wọ́n á fẹ́ tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò láàárín oṣù náà. Lọ́dọ̀ yín, kó má sún mọ́ ààrò rárá títí ààwẹ̀ á fi parí.