Igi pánṣẹ́kẹ́ olórí méjì: ṣé ká gé ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan náà ni, àbí díẹ̀díẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Igi pánṣẹ́kẹ́ kan wà nínú ọgbà ilé ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí, ó ga tó mítà 6. Kò tíì ga jù mítà kan àbọ̀ tó fi pín sí méjì, ẹ̀ka méjèèjì sì nípọn bákan náà. Oríta yẹn ló ń kọ mí lóminú: ó há gan-an, èèpo ti ká wọ inú rẹ̀, ó ṣe ìlà dúdú wálẹ̀. Èèpo ló wà láàárín, igi ò di mọ́ igi. Irú rẹ̀ ni ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò máa ń là sí méjì, igi pánṣẹ́kẹ́ ò sì yi láti ilẹ̀ wá.

Èrò mi ni pé kí n dín ẹ̀ka tó fì sórí òrùlé kù ní ìdámẹ́ta nínú oṣù kejì, kí òjò tó dé, kí èkejì lè di olórí, kí n wá mú un kúrò tán lọ́dún tó tẹ̀lé e. Tí mo bá gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí ìdajì ewé igi ló máa lọ. Ìyẹn ti pọ̀ jù, ìdámẹ́rin ni mi ò fẹ́ kọjá. Abẹ́ ni ayùn máa kọ́kọ́ wọ̀, kó tó kan òkè, kí èèpo má baà ya wálẹ̀. Mi ò ní kun ọ̀dà sójú ọgbẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gé irú rẹ̀ rí, ṣé oríta yẹn lè dúró di ọdún kejì? Àwọn ọ̀mùnú tó máa hù lójú ibi tá a gé ńkọ́, ìgbà wo lẹ máa ń ká wọn?