Ìbọ̀pá ni, kì í ṣe "èèkù irin": lórí ẹ̀yà asà àwọn Gíríìkì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti ka àwọn ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé ìtàn Gíríìkì fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kó síwájú wa. Iṣẹ́ ńlá ló dáwọ́ lé. Ṣùgbọ́n "èèkù irin" tó fi pe porpax yẹn, ohun tí apá ń bọ̀ nínú asà, há mi lọ́fun.

Èèkù kọ́, ọwọ́ ní í tẹ èèkù. Gbogbo wa la mọ òwe ọmọdé tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ èèkù idà. Porpax jẹ́ ọ̀já idẹ fífẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ kọrodo, tí wọ́n kàn mọ́ àárín inú asà. Jagunjagun á ti apá òsì bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá, ọwọ́ rẹ̀ á wá di okùn etí asà mú; okùn yẹn ni antilabe. Ẹ wo ìkòkò Chigi, ìkòkò àwọn Gíríìkì àtijọ́ tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Villa Giulia ní Róòmù, èyí tí wọ́n kùn ní nǹkan bí 650 ṣáájú Kristi. Ẹ ó rí inú asà níbẹ̀, apá nínú ọ̀já, ọwọ́ lára okùn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ẹ̀gbọ́n wa ará Ìbàdàn tó ní ká wo ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ ká tó sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, àmì ohùn ńkọ́? "Ìbọpá" lẹ kọ. Bọ tí a fi ń bọ orí, tí a fi ń bọ Ògún nìyẹn! Ọmọ tó bá kà á, ìbọ ni yóò kà. Ẹ ní ohùn bọ̀ máa ń gòkè níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, pé a kì í sọ pé ó tọwọ́ *bọ̀* àpò. Òótọ́ ni. Kí ló wá dé tí ìbọ̀sẹ̀ kò gòkè? Kí ló dé tí ìbọ̀wọ́ kò gòkè? Ìbọ̀pá ni. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń kọ́ni kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ wa, ṣùgbọ́n ohùn kì í wo ojú àgbà.

Irin wá ńkọ́? Ògún ló ni irin, Ọ̀ṣun ló ni idẹ. Ìyá tó bí bàbá mi bọ Ọ̀ṣun títí ó fi wàjà, kò sì sí ọmọ tó lè pe ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ní irin kó má bá a wí. Ìran yẹn kò ní ìwé atúmọ̀ èdè, wọn kì í sì í ṣi irin pè. Bíbélì Crowther pàápàá, idẹ ló pe ìhámọ́ra Gòláyátì.

Ohun tí wọ́n hú jáde nílẹ̀ náà ń jẹ́rìí. Ní Olympia, ibi ìjọsìn àwọn Gíríìkì àtijọ́, porpax idẹ tí wọ́n ya àwòrán ìtàn sára ọ̀já wọn pọ̀. Ní ọjà àtijọ́ Áténì, wọ́n hú asà kan jáde ní 1936, tí wọ́n lu lẹ́tà sí lójú pé àwọn ará Áténì gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Sparta ní Pylos. Ogun 425 ṣáájú Kristi nìyẹn. Igi rẹ̀ ti jẹrà, okùn ti jẹrà, idẹ ló kù. Ọdún tó tẹ̀ lé ogun náà ni Aristophanes gbé eré jáde tí wọ́n ti fẹ̀sùn kan olóṣèlú kan pé ó gbé asà Pylos kọ́ tòun ti porpax. Ẹ̀sùn gidi ni, torí Critias, òǹkọ̀wé ará Áténì, sọ pé àwọn ará Sparta máa ń yọ porpax nílé nítorí ìbẹ̀rù àwọn helot, ẹrú wọn. Asà tí kò ní í kò ṣeé gbé jagun.

Ẹnìkan fi Sophocles, òǹkọ̀wé eré Gíríìkì, ta kò mí, pé nínú eré rẹ̀, *Ajax*, porpax tí wọ́n rán ni. Bẹ́ẹ̀ ni, awọ ni. Ṣùgbọ́n asà Ajax, awọ màlúù ìpele méje ni, asà akọni inú ìtàn. Asà tó wà nínú ìwé àbúrò wa ni ti ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀, tí wọ́n fi igi bíi poplar tàbí willow ṣe, tí wọ́n tẹ́ awọ sí nínú.

Àbúrò, o tún kọ "idẹ alátánganran". Mo mọ ohun tí o ń sá fún: idẹ tí wọ́n ń tà lóde òní ní síǹkì nínú, tàwọn Gíríìkì sì jẹ́ bàbà àti tánganran tí òyìnbó ń pè ní tin, tánganran náà bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ni "alá" ń wá níbẹ̀? Kọ́ńsónáǹtì ló bẹ̀rẹ̀ tánganran: onítánganran. Ìyá wa ará Abẹ́òkúta ní àwo ìjẹun ni tánganran, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń yọ́ mọ́ bàbà. Mà á, ẹ ka ìwé Númérì nínú Bíbélì, ẹ wo ohun tó wà láàárín irin àti òjé: tánganran ni. Mi ò tíì gbà fún yín.

Ti antilabe, ẹ má fi "awọ" sórúkọ rẹ̀, torí okùn wà, awọ náà wà. Ìdìmú tó. Kí ẹni tó ń ya àwòrán ìwé náà jọ̀ọ́ kun ìbọ̀pá ní àwọ̀ idẹ. Dúdú ló wà nínú èyí tí ẹ fi ránṣẹ́.