Báwo lèèyàn ṣe ń béèrè nǹkan lórí ayélujára tí wọ́n á fi dáa lóhùn?

ỌmọUnderG
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Under G níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́, àwọn ọmọ LAUTECH ló pọ̀ jù nínú kọ́sítọ́mà mi, wọ́n ń wá tẹ projẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ṣe fọ́tókọ́pì. Príńtà wa ló ń dààmú mi, mo wá lọ sí gúrúpù kan tí àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà pọ̀ sí, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ẹ JỌ̀Ọ́ Ẹ GBÀ MÍ O PRÍŃTÀ MI Ò ṢIṢẸ́ MỌ́", kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn àfi ẹnì kan tó ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ Google. Nígbà tó dalẹ́ mo tún un kọ, wọ́n pa á rẹ́. Ó dùn mí gan-an torí ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe ń dá àwọn ẹlòmíì lóhùn. Ṣé torí pé àlejò ni mí ni, àbí ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà béèrè tí wọn ò sọ fún mi?

Ẹ̀gbọ́nÒwòdé
Àbúrò, o kú iṣẹ́, o kú ìnáwó pẹ̀lú, torí mo mọ nǹkan tí epo jẹnẹrétọ̀ ń gbà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù báyìí. Kì í ṣe torí pé o jẹ́ àlejò. Kọ̀ǹpútà lèmi náà ń tún ṣe l'Ówòdé níbí l'Ọ́yọ̀ọ́, tíná bá wà tọ́wọ́ sì dilẹ̀ mo máa ń dá àwọn èèyàn lóhùn nírú gúrúpù bẹ́ẹ̀, ohun tó ń lọ lọ́kàn wa ni mo fẹ́ sọ fún ẹ. Ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ ẹ ò sí ní ṣọ́ọ̀bù ẹ, kò rí príńtà yẹn, kò gbọ́ bó ṣe ń dún. "Kò ṣiṣẹ́ mọ́" lè jẹ́ yíǹkì, ó lè jẹ́ wáyà, ó lè jẹ́ bébà ló há sí i nínú, ó sì lè má kan príńtà rárá, kó jẹ́ Windows ni. Ẹni tí ewúrẹ́ ẹ̀ bá sọ nù, á sọ àwọ̀ ẹ̀, á sọ bóyá okùn ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, á sọ àdúgbò tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó fẹ́ bá a wá a gan-an ò ní mọ èyí tó máa mú.

Nítorí náà, kọ ọ́ bó ṣe rí. Kọ̀ǹpútà wo ni, Windows èwo ló wà lórí ẹ̀ (tẹ bọ́tìnì Windows àti R pa pọ̀, kọ winver, á gbé e jáde fún ẹ), báwo lẹ ṣe so príńtà mọ́ ọn, kí lẹ ṣe sí i kó tó bẹ̀rẹ̀, kí lo ti gbìyànjú. Èyí tó ṣe pàtàkì jù tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọ ni ohun tí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ kọ síwájú ẹ. Bó bá kọ nọ́ńbà, da nọ́ńbà yẹn kọ bó ṣe wà, má fi "ó kọ nǹkan gẹ̀ẹ́sì kan báyìí" dípò ẹ̀, torí nọ́ńbà yẹn nìdáhùn máa ń tẹ̀ lé. Kí o sì fi í sí àkòrí, àwa tó mọ̀ ọ́n á ti rí i kí a tó ṣí i.

ÀǹtíTaki
Ẹ̀gbọ́n ti sọ èyí tó pọ̀ jù. Èmi fẹ́ fi ti lẹ́tà ńlá kún un, àbúrò mi, bóo bá fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo ẹ̀, lójú àwọn tó wà níbẹ̀ ariwo lo ń pa mọ́ wọn, ó sì ń nira láti kà. Títún un kọ náà, wọ́n kà á sí pé o ń ti àwọn tó kù sísàlẹ̀, ìdí tí wọ́n fi pa á rẹ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn, àwọn míì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé láti ibi iṣẹ́, fún wọn láyè. Má sì wọ inbọ́ọ̀sì ẹni tí o ò mọ̀ lọ láti lọ bẹ̀ ẹ́, torí ìdáhùn tó bá fún ẹ níbẹ̀ ò ní ṣe ẹlòmíì láǹfààní. Ti Google yẹn, ẹni yẹn ò bá ti sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ kọ́kọ́ wá a lóòótọ́, kóo sì sọ pé o wá a, sọ ohun tóo rí.

ỌmọUnderG
Ẹ ṣé gan-an, Olúwa á bù kún yín. Mo ti tún un kọ, ẹ bá mi wò ó:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Príńtà ò gbà kí láptọ́ọ̀pù kejì wọlé, 0x0000011b. Láptọ́ọ̀pù méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, Windows 10 ni méjèèjì. Wáyà USB la fi so príńtà LaserJet mọ́ èkíní, a wá ṣe ṣíà ẹ̀ fún èkejì, kí èkejì lè máa tẹ̀wé gba ara èkíní. Èkíní ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Èkejì ló ń kọ 'Windows cannot connect to the printer. Operation failed with error 0x0000011b'. Ẹ̀yìn tí èkíní ṣe ọ́pdéètì ló bẹ̀rẹ̀. Mo ti pa méjèèjì, mo sì tún wọn tàn, mo ti yọ príńtà kúrò lórí èkejì mo sì tún un fi sí i. Mo wá nọ́ńbà yẹn, ohun tí mo rí ò yé mi."

OníbísínẹẹsìSábó
Ẹ jẹ́ kí n kọ eléyìí torí iṣẹ́ kan náà là ń ṣe. Bóo bá fẹ́ ya ojú kọ̀ǹpútà láti fi ránṣẹ́, Windows àti Shift àti S lo máa tẹ̀, wá gé ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn wà nìkan. Ojú kọ̀ǹpútà wa kì í ṣe tiwa nìkan, NIN oníbàárà lè wà níbẹ̀, BVN ẹ̀ náà lè wà níbẹ̀, fọ́ọ̀mù JAMB ọmọ ọlọ́mọ lè ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn. Bẹ́nì kan tóo ò mọ̀ rí bá sì yọjú pé kóo gbé AnyDesk wọlé kóun lè bá ẹ wọ inú ẹ̀ lọ ṣe é, tàbí tó ń béèrè OTP, sá fún un.

Ẹ̀gbọ́nÒwòdé
Ṣé o rí i! Ìṣẹ́jú tí mo ka nọ́ńbà yẹn ni mo ti mọ ibi tó wà. Kò kan príńtà ẹ rárá. Ọ́pdéètì Microsoft ti September 2021 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n dí ihò kan tí olè lè gbà wọlé níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣe ṣíà príńtà fún ara wọn, bí ọ̀kan bá wá gba ọ́pdéètì tí èkejì ò gbà, wọn ò ní gbọ́ ara wọn yé. Ṣe ọ́pdéètì méjèèjì títí tí kò fi ní kù, pa wọ́n, tún wọn tàn, kóo wá gbìyànjú ẹ̀. Wàá rí àwọn tó máa ní kóo lọ sọ RpcAuthnLevelPrivacyEnabled di 0 nínú registry, ìyẹn ibi tí Windows ń kó àwọn ètò ẹ̀ sí. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò tí wọ́n dí lo tún ṣí yẹn, ní ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo ayé ti ń ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, èmi ò ní bá ẹ fọwọ́ sí i. Kí wọ́n má bàa dúró dè ẹ́ lónìí, yọ USB yẹn kóo ki í bọ èkejì. Ohun kan tún kù, October 14, 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró, bí àwọn láptọ́ọ̀pù yẹn bá lè gbé Windows 11, bẹ̀rẹ̀ sí í múra ẹ̀.

ỌmọUnderG
Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń tẹ̀ o! Èkejì ò tíì gba ọ́pdéètì láti ọjọ́ pípẹ́, dátà ni mo ń ṣọ́. Mo jẹ́ kó ṣe é mọ́jú, mo pa méjèèjì, mo tún wọn tàn, mo yọ príńtà kúrò mo tún un fi sí i, ó gbà á. Mi ò fọwọ́ kan registry. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sábẹ́ ìbéèrè mi ní gúrúpù yẹn pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀, nítorí ẹni tó bá tún máa wá a. Ti Windows 11, mo máa ṣí òmíràn fún un lọ́la, mo ń lọ kọ orúkọ láptọ́ọ̀pù àti RAM ẹ̀ sílẹ̀ ná.