Ọkọ̀ asáré àlòkù tó ti lé lógún ọdún: ṣé kí n rà á, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Alájò Tuntun
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo rí Porsche Boxster ọdún 1999 kan tí wọ́n fẹ́ tà, ẹ́ńjìnì onílítà 2.5, ọkàn mi kò sì kúrò lára rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Owó tí mo fi pamọ́ tó láti rà á, ṣùgbọ́n bí mo bá san án tán, ohun tí yóò ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́ kò ní ju ìdá mẹ́wàá rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tà á sọ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni òun wà á láàárín ọdún mẹ́jọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kí ni ojú yín rí?

Ojú-Ọ̀nà-Là
Ojú wa rí màbo.

Ìyá Oníjíà
Àbúrò mi, gbólóhùn “ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo wà á” yẹn gan-an ló kó mi sí wàhálà. Ọkọ̀ tí mo rà, tí n kò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, ti dúró sínú gáréèjì fún ọdún mẹ́fà gbáko, ó ń dán yanran, kìlómítà rẹ̀ kò sì ju ti ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́ta lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo gbé e délé tí ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀, nítorí pé àwọn rọ́bà tó ń dí ojú ẹ́ńjìnì ti gbẹ, wọ́n sì ti le bí egungun. Lẹ́yìn ìyẹn ni bíréèkì ẹsẹ̀ kan há lójú ọ̀nà, tí èéfín ń rú. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ síbi táyà náà ni mo tó rí nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, 2306, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2006 ni wọ́n ṣe é. Eyín rẹ̀ ṣì ga bí ti tuntun, ṣùgbọ́n bí mo ti fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ báyìí, ó là wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Owó tí mo ná kí ọdún kan tó yí po ju ìdajì iye tí mo fi rà á lọ.

Fáìlì Nípọn
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ohun tí mo ti ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jà lé lórí láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ọkọ̀ tèmi ti rin 240,000 kìlómítà kí n tó rà á, gbogbo wọn sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ẹni tó tà á fún mi kó fáìlì kan lé mi lọ́wọ́ tí ìwé ìnáwó ọdún mẹ́rìnlá wà nínú rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, títí kan bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì tí wọ́n pààrọ̀ nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì rin ìrìn tó pọ̀. Ọdún kẹrin rèé, n kò tíì ṣe ju táyà àti bíréèkì lọ.

Oníyèméjì
Ọdún mẹ́rin, kò sí àtúnṣe mìíràn? Ẹ forí jì mí, n kò gbà á gbọ́.

Fáìlì Nípọn
Mo gbàgbé rẹdiétọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Oníyèméjì
Mo ti mọ̀ pé rẹdiétọ̀ kan máa wà níbì kan.

Ìyá Oníjíà
Ẹ má dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ìwé ìnáwó kì í sọ ohun tí wọn kò tún ṣe, àbúrò, ohun tí wọ́n tún ṣe nìkan ló máa ń sọ.

Ọ̀gá Sípánà
Ẹ jẹ́ ká padà sórí Boxster tí wọ́n béèrè. Ẹ́ńjìnì tí Porsche ń lò fún Boxster àti 911, ọkọ̀ asáré wọn kejì, lásìkò náà ní ọ̀pá kan nínú tí wọ́n ń pè ní intermediate shaft, bẹ́rìn tó gbé orí ọ̀pá náà dúró sì lè fọ́ láìkìlọ̀. Bó bá fọ́, irin wẹ́wẹ́ á dà sínú ọ́ìlì, fáàfù àti písítínì lè kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnì náà á sì lọ síbi tí kò ní bọ̀. Ti ọdún 1999 sábà máa ń ní bẹ́rìn onílà méjì, tí bọ́ọ̀lù irin inú rẹ̀ tò ní ìlà méjì, èyí tí kì í tètè fọ́ tó onílà kan tí wọ́n wá ń lò lẹ́yìn náà. Ìgbà tí wọ́n bá sọ jíà kalẹ̀ láti pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ni ọwọ́ ń tó ibẹ̀, nítorí náà, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì kẹ́yìn, àti bóyá wọ́n fọwọ́ kan bẹ́rìn náà. Bí ẹni tó ń tà á bá gbà, ẹ ní kí mẹkáníìkì yín yọ fílítà ọ́ìlì, kó gé ìwé inú rẹ̀, kó sì tẹ́ ẹ sábẹ́ iná. Bí ohun kan bá ń dán gbinrin níbẹ̀, tí òòfà sì gbé e, ẹ má ṣe nájà mọ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ Pupa
Ṣé gbogbo 911 ni ọ̀rọ̀ yìí kàn? Turbo ọdún 2001 ni èmi ń wò.

Ọ̀gá Sípánà
Rárá o. Ẹ́ńjìnì Turbo àti ti GT3, irú 911 mìíràn, ìgbà náà yàtọ̀, wọn kò ní irú bẹ́rìn yìí. Owó wọn náà yàtọ̀.

Kápẹ́ẹ̀tì Tútù
Bẹ́rìn ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ, omi ló yẹ kí wọ́n máa sọ. Mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ wo irú Boxster yìí tó mẹ́fà. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìjókòó, ẹ kò lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò ó: búùtù ló wà níwájú, búùtù náà ló tún wà lẹ́yìn. Inú búùtù ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń rọ ọ́ìlì àti omi ẹ́ńjìnì. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ sókè, kí ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Bó bá tutù tó sì ń ta sánsán bí ohun dídùn, ó ṣeé ṣe kí ike tí omi náà wà nínú rẹ̀ ti sán. Ẹ tún fọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó. Ewé máa ń dí ihò tí omi òjò ń gbà jáde lábẹ́ òrùlé aṣọ rẹ̀, omi á sì ya wọlé síbi tí kọ̀ǹpútà tó ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀ wà. Fèrèsé ẹ̀yìn ti 1999 kì í ṣe gíláàsì, ike ni. Bí wọ́n bá ká òrùlé náà nígbà òtútù láìfi ọwọ́ ràn án lọ́wọ́, á kán síbi tó ti ṣẹ́ po.

Ìyá Oníjíà
Ẹni yìí mọ ohun tó ń sọ.

Mojúmọ́
Ẹ rí i dájú pé ẹ́ńjìnì tutù kí ẹ tó tàn án. Ẹni tí mo fẹ́ ra ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ti tàn án kí n tó dé. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ páìpù èéfín, ooru rẹ̀ lé ọwọ́ mi padà. N kò sọ nǹkan kan. Mo jókòó sọ́dọ̀ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, a sọ̀rọ̀ ọmọ, títí gbogbo ara ọkọ̀ náà fi tutù. Nígbà tí a wá tàn án, èéfín aláwọ̀ aró bo gbogbo iwájú ilé, kò sì dá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwa méjèèjì kàn ń wo ara wa ni.

Ọ̀gá Sípánà
Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí fi Boxster sílẹ̀ o. Nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀, ṣe ni písítínì dùbúlẹ̀, ọ́ìlì díẹ̀ sì lè ṣàn wọ ibi tí kò yẹ bó bá ti dúró pẹ́, nítorí náà ó lè tu èéfín díẹ̀ bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. Bó bá dá láìpẹ́, kò léwu. Ti Mojúmọ́ yẹn ni kò dára.

Fáìlì Nípọn
Ẹ̀rù ìdá mẹ́wàá yẹn ló ń bà mí ju bẹ́rìn lọ. Iye tí ọkọ̀ náà já sí lónìí kò ní í dín owó àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kù. Porsche ṣì ni wọ́n ń pè é nígbà tí ẹ bá lọ ra pátì.

Oníyèméjì
Lórí èyí nìkan ni mo gbà pẹ̀lú onírẹdiétọ̀.

Alájò Tuntun
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti pe ẹni tó ń tà á, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe tan ọkọ̀ náà kí n tó dé ní aago mẹ́wàá ọ̀la. Ó ní òun kì í jẹ́ kí àlejò bá ọkọ̀ òun ní tútù.

Mojúmọ́
Ẹ dé ibẹ̀ ní aago méje.