210 nọ́ọ̀tì lórí SID tó ní kọ́nà líle: ta ló ń ká fláàpù, ta ló ń fi í sílẹ̀?

Ọmọ Alákíá
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ òfurufú 737-800 ni, SID (ìlànà ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà kúrò ní pápákọ̀) ní kí a má kọjá 210 nọ́ọ̀tì (ìwọ̀n ìsáré) títí a ó fi yí kọ́nà àkọ́kọ́ tán. Ẹ sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é. Níbo lẹ ń kọ 210 ọ̀hún sí nínú FMC, kọ̀ǹpútà tó ń darí ìrìn ọkọ̀?

Baba Fláàpù
Má ká fláàpù (abala ẹ̀yìn apá ọkọ̀ tó ń jẹ́ kó lè fò jẹ́jẹ́) tán, àbúrò. Lórí 737, ìsáré tó kéré jù tí o lè fi fò láìsí fláàpù ni VREF40 (ìsáré tí a fi ń bọ̀ wá balẹ̀ pẹ̀lú fláàpù 40), kí o fi 70 kún un. Bí VREF40 rẹ bá jẹ́ 142, 212 nìyẹn. Wọ́n ní 210. Ibo lo fẹ́ ki orí bọ̀? Fláàpù 1 ń fẹ́ VREF40 pẹ̀lú 50, ìyẹn 192. Fláàpù 5 ń fẹ́ 30, ìyẹn 172. Yí kọ́nà náà pẹ̀lú ọ̀kan nínú méjèèjì, lẹ́yìn náà kí o wá ká a. Fláàpù 1 títí dé 5 lè gba 250 kó tó bàjẹ́. Fláàpù 10 ló jẹ́ pé 210 ni òpin rẹ̀, 15 sì jẹ́ 200.

Mọ́kọ́lá Boy
Ọ̀gá ti sọ ọ́ tán 🙌

Àǹtí Tówà
Kò tíì tán o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ìdí tí 210 fi wà níbẹ̀. Bí ìsáré bá lé díẹ̀, kọ́nà á fẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí ìsáré lọ́nà ìsáré la fi ń ṣírò rẹ̀. Máíkírà tó bá fi eré wọ kọ́nà Mápó, ṣọ́ọ̀bù onísọ́ọ̀bù ló máa bá ara rẹ̀. Ní 210, bí bank (bí ọkọ̀ ṣe fẹ̀gbẹ́ sí) bá jẹ́ 25°, rédíọ̀sì kọ́nà jẹ́ bíi máìlì ojú omi 1.4. Ní 250, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 2. Bank 15° sì ni àwọn tó ń ya SID fi ń ṣírò: 210 kan náà ti di 2.4. Òkè ò ní sún fún yín. Ẹ sì rántí pé ìsáré inú afẹ́fẹ́ ló ń ya kọ́nà, kì í ṣe ohun tí aago ń sọ. Ilẹ̀ Kathmandu ga tó 4,390 ẹsẹ̀ bàtà; tí ẹ bá dé 6,000, 210 ojú aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 230. Ẹ wá fi afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn kún un.

Mọ́kọ́lá Boy
Ẹ kúkú fi òkè sílẹ̀ ná. Ní Reagan National, Washington, kò sí òkè kankan, àmọ́ tó o bá gbéra lórí rọ́nwéè 01, kíá lo gbọ́dọ̀ yà sósì tẹ̀lé odò Potomac, torí P-56, àgbègbè tí wọ́n ka fífò léèwọ̀, tó bo White House àti Capitol wà níwájú.

Kápítẹ́ẹ̀nì Mọ́níyà
Ẹ̀yin ará Boeing, iṣẹ́ yín ti pọ̀ jù. Airbus: ìsáré wà lórí F-PLN (ojú ètò ìrìn nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀), o fi í sí managed (kọ̀ǹpútà ló ń darí ìsáré), o ká apá gbera.

Baba Fláàpù
Ká apá gbera kẹ̀? Tí ẹnì kan bá fa kọ́bù ìsáré jáde pẹ́nrẹ́n, ó ti di selected (ìsáré tí awakọ̀ fọwọ́ yàn), ọkọ̀ ò ní ka 210 ojú F-PLN sí mọ́. Lórí A320, tí o bá fi 1+F (ọ̀kan nínú ipò fláàpù) gbéra, 210 gan-an ni fláàpù ń ká ara rẹ̀, 215 sì ni òpin rẹ̀. Orí ibẹ̀ gan-an ni SID yìí gbé ọ kalẹ̀ sí.

Ọmọ Alákíá
Ẹ̀gbọ́n, FMC ńkọ́?

Ìyá Simú
Ojú LEGS (ojú ìwé FMC tó to ojú ọ̀nà lẹ́sẹẹsẹ) ni kó o kọ ọ́ sí, ìsáré àti gíga papọ̀ lórí wéépọ́ìntì (àmì ibi kan lójú ọ̀nà) tó parí kọ́nà, bíi 210/3000A, ìyẹn 210 nọ́ọ̀tì, ní 3,000 ẹsẹ̀ bàtà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má lọ tẹ̀ ẹ́ lé 250/10000 (òpin 250 nọ́ọ̀tì lábẹ́ 10,000 ẹsẹ̀ bàtà) lójú CLB, ojú ìwé gígùnkè! Tí o bá kọ 210/4000 síbẹ̀, o ti pa 250 rẹ́ nìyẹn. Bó o bá ti kọjá 4,000, VNAV (ètò tó ń darí gíga àti ìsáré) á tan bí ìbọn. Kó o sì fi ojú LEGS wé ìwé SID kó o tó kúrò nílẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo dátábéèsì ló máa ń gbé ìsáré náà wá.

Baba Fláàpù
Òótọ́ ni Ìyá Simú sọ. Kí n fi kún un: kó tó dé V2 (ìsáré ààbò ìgbéra) pẹ̀lú 15, má jẹ́ kí bank kọjá 15°. Tí kọ́nà bá sún mọ́ rọ́nwéè gan-an, NADP1 (ọ̀kan nínú ìlànà gígùnkè méjì tó ń dín ariwo kù) ló dára jù, torí ìwọ̀nba V2 pẹ̀lú 10 sí 20 lo máa fi gùnkè títí dé 3,000 ẹsẹ̀ bàtà. NADP2 ń ká fláàpù láti 800, kọ́nà á sì ti fẹ̀.

Kápítẹ́ẹ̀nì Mọ́níyà
Ta ló ní kí wọ́n máa lo NADP1 káàkiri? Epo ń jó o.

Baba Fláàpù
Ẹnì kankan ò sọ pé káàkiri.

Mọ́kọ́lá Boy
Ìbéèrè: tówà (àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀) ní "ẹ gòkè lọ sí FL240", ìyẹn nǹkan bí 24,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ṣé 210 ti kú nìyẹn?

Àǹtí Tówà
Rárá o! Láti 2016 tí ICAO, àjọ ọkọ̀ òfurufú àgbáyé, ti tún gbólóhùn SID ṣe, ìsáré inú SID wà síbẹ̀ títí a ó fi sọ ọ́ lẹ́nu pé a fagi lé e. Bí a bá ní kẹ́ ẹ lọ tààrà sí wéépọ́ìntì tó wà níwájú, kìkì ti àwọn tẹ́ ẹ fò kọjá ló kúrò.

Mọ́kọ́lá Boy
777 tó kún fún epo ńkọ́, tí 250 ò tó o láti fò láìsí fláàpù?

Àǹtí Tówà
Kó sọ fún tówà kó tó gbéra. Ní Amẹ́ríkà, òfin 91.117 fúnra rẹ̀ gbà á láyè lórí 250 abẹ́ 10,000. Ti kọ́nà lọ́tọ̀ o! Tí kò bá lè ṣe 210, kó fi fláàpù sílẹ̀, tàbí kó gba SID mìíràn.

Kápítẹ́ẹ̀nì Mọ́níyà
Managed lèmi ṣì máa lò.

Baba Fláàpù
Lò ó. Ṣáà máa wo ìràwọ̀ ẹ̀gbẹ́ ìsáré ojú F-PLN. Tó bá pupa rẹ́súrẹ́sú bíi mágẹ́ńtà, ọkọ̀ á bá a. Tó bá ti pọ́n bí ọsàn, ọwọ́ ara rẹ ni kó o fi dín in kù.