Ẹran Iléyá àti òmìnira onígbàgbọ́: báwo lẹ ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ìwé Gálátíà ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹ bá wa dá sí i. Aládùúgbò tó jẹ́ Mùsùlùmí bu ẹran Iléyá fún onígbàgbọ́. Ṣé kó gbà á ni, àbí kó dá a padà?

Gálátíà 5:13 ní ká má fi òmìnira gbọ́ ti ẹran ara (ìyẹn ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́ ara wa), ká máa fi ìfẹ́ sin ara wa. Ní 1 Kọ́ríńtì 10:25-29, Pọ́ọ̀lù ní ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà, ká jẹ ẹ́ láìbéèrè. Tí aláìgbàgbọ́ bá pè wá wá jẹun, ká jẹ. Àmọ́ tí ẹnìkan bá sọ pé wọ́n ti fi rúbọ, ká fi í sílẹ̀ nítorí ẹ̀rí-ọkàn ẹni náà. Ibi tó ti dojú rú nìyí: Pọ́ọ̀lù ń sọ̀rọ̀ ẹran òrìṣà, Mùsùlùmí sì ní Ọlọ́run Ábúráhámù lòun pa àgbò fún. Ṣé ẹsẹ yẹn kàn án?

Róòmù 14:23 dá ẹni tó ń ṣiyèméjì tó sì jẹ ẹ́ lẹ́bi. Ìyẹn yé wa. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ìgbàgbọ́ wọn ò mì rárá, tí wọ́n kàn ń lo orúkọ “aláìlera” (ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ò lágbára) láti fi de gbogbo ìjọ (ẹ̀yin náà mọ irú wọn). Àjàgà ẹrú inú Gálátíà 5:1 kọ́ nìyẹn? Báwo lẹ ṣe ń dá aláìlera tòótọ́ àti ẹni tó kàn ń lo orúkọ náà mọ̀ yàtọ̀?

Ẹ fi ẹsẹ Bíbélì tì í lẹ́yìn o. “Ẹ̀mí ló darí mi” nìkan ò tó.